Sìkútà ni kí n rà, àbí Boxer? Mọ́níyà sí Dùgbẹ̀ lójoojúmọ́

Ará Mọ́níyà (olùbéèrè)

Ẹ̀yin tí ẹ mọ alùpùpù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Mọ́níyà ni mò ń gbé, iléèwé tí mo ti ń kọ́ni wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dùgbẹ̀. Bíi kìlómítà 18 ni àlọ, 18 ni àbọ̀, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Owó mọ́tò ti fẹ́ jẹ owó oṣù tán. Mi ò fẹ́ ṣe ọ̀kadà, mi ò sì ní gbé èrò. Èmi àti báàgì ìwé ni. Obìnrin ni mí, síkẹ́ẹ̀tì ni mo sábà máa ń wọ̀. Ẹnìkan ní kí n lọ ra sìkútà tí kò ní kílọ́ọ̀ṣì, pé kì í mu epo rárá. Ẹlòmíràn ní irọ́ gbuu ni, pé Boxer 100 ni baba gbogbo wọn. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? ₦900 ni mo fi ń ṣírò lítà epo kan.

---

Mẹkáníìkì Ọjọ́ọ

Àǹtí, ẹ jẹ́ ká ṣírò ná, kí oníkálukú tó bẹ̀rẹ̀ sí í polówó ọjà rẹ̀.

36 lọ́jọ́, ọjọ́ márùn-ún, kìlómítà 180 lọ́sẹ̀ nìyẹn. Alùpùpù tó ń fi lítà kan rin 50 yóò mu lítà 3.6, ₦3,240. Èyí tó ń rin 40 yóò mu 4.5, ₦4,050. Èyí tó ń rin 30 yóò mu 6, ₦5,400. Ohun tí àwọn èèyàn ń torí ẹ̀ bú ara wọn, ìyẹn láàárín 50 sí 40, ₦810 lọ́sẹ̀ ni. Owó ni o. Ṣùgbọ́n bí kébù bá já mọ́ yín lọ́wọ́ ní Ṣàngó tí ẹ wá irú rẹ̀ títí tí ẹ kò rí i, owó mọ́tò ọjọ́ méjì á gbé gbogbo èrè yẹn lọ. Torí náà, ìbéèrè tèmi ni pé: ṣé ẹ máa rí pààtì rẹ̀ n'Ìbàdàn? Ṣé á lè gun òkè Mọ́kọ́lá láìráhùn? Epo ló wá tẹ̀ lé e.

Iye kìlómítà tí ilé-iṣẹ́ kọ sínú ìwé, ti orí títì tó tẹ́jú ni, ẹni kan lórí rẹ̀, eré kan náà láìdúró. Ọ̀nà tiyín kò rí bẹ́ẹ̀. Pẹ̀lú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ àti òkè, ohun tí ẹ lè retí nìyí bí ìtọ́jú bá wà: Boxer 100 á rìn tó 50, ó tiẹ̀ lè lé díẹ̀. TVS HLX 125 àti ìdílé Honda CG125, 40 sí 50. Boxer 150 (ẹ má wo orúkọ, 144.8cc ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀), 35 sí 42. Sìkútà oníbẹ́líìtì 110 tàbí 125, 35 sí 42. Suzuki AX100, kó tó 30 ni, ẹ dúpẹ́.

---

Oní-Sìkútà

Ọ̀gá Mẹkáníìkì, ẹ ti tún dé o. Gbogbo ìgbà ni ẹ máa ń sọ sìkútà di alájẹkì. Sìkútà tó bá jẹ́ oní-injection, tí kò ní kábúrétọ̀, ń rin 45 dáadáa lọ́wọ́ ẹni tí kì í fi gbogbo agbára fa síróọ̀tù ní gbogbo ibi tí ọlọ́pàá bá ti tú ọ̀nà sílẹ̀.

Ẹ tún wo ohun tí àǹtí sọ. Síkẹ́ẹ̀tì. Báàgì ìwé. Sìkútà ní ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ láàárín, ẹ kò ní gbé ẹsẹ̀ kọjá orí nǹkan kan. Àpótí wà lábẹ́ ìjókòó tó gba ìwé àti ẹ̀wù òjò. Ike iwájú ń dáàbò bo ẹsẹ̀ lọ́wọ́ ẹrẹ̀. Kò sí ṣéènì tí ẹ ó máa ta òróró sí, kò sí girísì tó ń ta sí etí aṣọ. Ẹni tó ń lọ dúró níwájú kíláàsì kò gbọ́dọ̀ dé bí ẹni tó ti oko agbado bọ̀.

---

Mẹkáníìkì Ọjọ́ọ

Gbogbo èyí tí ẹ sọ nípa aṣọ, òótọ́ ni. Mi ò jiyàn. Ibi epo ni mo ti ń jiyàn, ẹ sì jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ kó má dà bí ìkórìíra.

Ẹ ṣí ìdérí òsì ẹ́ńjìnnì sìkútà. Ẹ ó rí abọ́ méjì tí bẹ́líìtì so pọ̀. Nínú abọ́ iwájú, róólà 6 wà níbẹ̀, róbótó bí kórò kékeré. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń sáré, róólà á máa tà síta, abọ́ á fún bẹ́líìtì, bẹ́líìtì á gun òkè, bí ẹni tó ń yí jíà. Nígbà tí ẹ bá ń ṣí kúrò lójú kan, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pariwo dé ibìkan kí kílọ́ọ̀ṣì ẹ̀yìn tó mú. Ariwo yẹn, epo ni. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ìgbà mélòó lẹ máa ṣí kúrò lójú kan láti Ọjọ́ọ dé Mọ́kọ́lá? Bẹ́líìtì fúnra rẹ̀ ń gbóná, agbára tó ń sọ di ooru kò dé táyà.

Nígbà tó bá yá, róólà á jẹ níbì kan, ojú róbótó á di pẹlẹbẹ. Ẹ ó mọ̀ ọ́n: sìkútà á máa gbọ̀n bó bá ń ṣí, ẹ́ńjìnnì á máa ké ju bó ṣe ń sáré lọ. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì á ní kábúrétọ̀ ni, wọn á tú u fọ̀, kò ní yí padà. Róólà ni. Bẹ́líìtì, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò ní gbogbo kìlómítà 8,000 sí 10,000. Tó bá ti ń sán láàárín eyín, tàbí tó ti tín-ín-rín, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bẹ́líìtì kì í kìlọ̀ tó bá fẹ́ já, ibi tó bá ti já ni ìrìn parí sí. Ṣéènì tó bá já, mẹkáníìkì ẹ̀bá títì á fi líǹkì kan so ó láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ọ̀rọ̀ táyà wá wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ sìkútà, ínṣì 10 tàbí 12 ni rímù wọn. Boxer, 17 ni. Kòtò tí rímù 17 ń fo kọjá, rímù 10 ń wọlé sí i. Ẹ rántí ojú títì yẹn nígbà òjò, tí omi bo kòtò tí ẹ kò mọ èyí tó jìn.

---

Díspáàṣì

Ẹ ń jà bí ẹni pé méjì péré ló wà láyé. Lédíìsì ńkọ́?

Irú èyí tí Honda fi Super Cub bẹ̀rẹ̀ ní 1958, tí wọ́n ti ṣe ju mílíọ̀nù 100 lọ nígbà tó fi di 2017. Honda 50, C70, C90, àwọn bàbá wa ń gùn ún lọ síléèwé, àwọn nọ́ọ̀sì ń gùn ún lọ sí abúlé. Àwọn 110 oríṣiríṣi tí wọ́n ń ṣe ní Ṣáínà àti Íńdíà lónìí, ọmọ rẹ̀ ni wọ́n. Àárín rẹ̀ ṣí bíi ti sìkútà, síkẹ́ẹ̀tì ń wọ̀ ọ́. Rímù rẹ̀ 17. Kò ní ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n ó ní jíà gidi, 3 tàbí 4, ṣéènì ló sì ń wa táyà ẹ̀yìn. Ẹsẹ̀ òsì nìkan lẹ fi ń yí jíà: ìka ẹsẹ̀ níwájú, gìgísẹ̀ lẹ́yìn. Ẹ́ńjìnnì tó bá ń rọra ṣiṣẹ́, kílọ́ọ̀ṣì á ti tú fúnra rẹ̀, ẹ lè wà nínú jíà kìíní níbi iná títì láìdi nǹkan kan mú.

Ti epo rẹ̀, pẹ̀lú Boxer 100 ni wọ́n jọ ń wọ̀yá. Òmíràn tiẹ̀ dára jù bẹ́ẹ̀.

---

Mẹkáníìkì Ọjọ́ọ

Díspáàṣì, ìwọ lo jàre. Àtètèkọ́ṣe ló yẹ kí n ti sọ ọ́. Ohun kan péré: ẹni tó bá ń gùn ún gbọ́dọ̀ tú síróọ̀tù sílẹ̀ kó tó tẹ jíà. Ẹni tó bá ń tẹ jíà pẹ̀lú síróọ̀tù lọ́wọ́, ìlẹ̀mọ́ kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kò ní pẹ́ jẹ tán.

---

Onísípíà

Ẹ jẹ́ kí èmi tí mò ń ta pààtì sọ tèmi. Ẹ má tíì sanwó alùpùpù kankan. Ẹ kọ́kọ́ rìn dé ọjà pààtì Àràròmí ní Agódi Géètì, tàbí ọ̀dọ̀ onísípíà tó sún mọ́ ilé yín, kí ẹ béèrè nǹkan mẹ́fà fún alùpùpù tí ẹ ní lọ́kàn: kébù síróọ̀tù, ìlẹ̀mọ́ bíréèkì ẹ̀yìn, ṣéènì pẹ̀lú sprocket méjèèjì (irin eléyín tí ṣéènì ń yí lé), ìlẹ̀mọ́ kílọ́ọ̀ṣì, CDI (àpótí kékeré tó ń darí iná pulọ́ọ̀gì), àti ríìngì písítìnì. Bí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá wà lọ́dọ̀ ẹni méjì ó kéré tán, ẹ lè máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Bí ó bá jẹ́ «ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, à ń retí ẹrù láti Èkó», ẹ sá.

Boxer, ẹ ó rí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kí oòrùn tó mú. Ìdílé CG125 náà bẹ́ẹ̀. CG yìí tiẹ̀ ní àǹfààní kan tí àwọn ọmọdé mẹkáníìkì kì í sọ: kò ní táímìn-ṣéènì, ìyẹn ṣéènì inú ẹ́ńjìnnì tó ń mú fáàfù ṣiṣẹ́. Ọ̀pá méjì ló ń ti fáàfù rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Èyí tó máa ń dún ṣakaṣaka nínú ẹ́ńjìnnì àwọn yòókù bó bá gbó, kò sí níbẹ̀ rárá. Lédíìsì tí orúkọ rẹ̀ ṣàjèjì, ibẹ̀ ni kí ẹ ti ṣọ́ra. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lè bá ti ẹlòmíràn mu, kí pààtì ẹ́ńjìnnì pọ̀ rẹpẹtẹ, kí iná iwájú àti ike rẹ̀ sì má sí níbì kankan. Ike kì í dá alùpùpù dúró, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kẹ́ẹ̀sì kílọ́ọ̀ṣì tí kò bára mu á dá a dúró.

---

Ará Àpáta

AX100 ńkọ́? Owó rẹ̀ tokunbọ̀ kéré, ó sì lágbára bí ẹṣin.

---

Mẹkáníìkì Ọjọ́ọ

Agbára wà. Tóo-sítúróòkù ni. Ihò tí èéfín ń gbà jáde àti ihò tí epo tuntun ń gbà wọlé jọ máa ń ṣí sílẹ̀ pọ̀ fún ìgbà díẹ̀, nítorí náà lára epo tí ẹ fowó rà ń bá èéfín jáde láìjó. Ẹ óò tún máa ra òróró tóo-sítúróòkù lọ́tọ̀. Bí páǹpù òróró bá kọṣẹ́ tí ẹ kò mọ̀, písítìnì á di mọ́ sìlíńdà lórí eré. Fún ẹni tó ń wá ìdínkù owó epo, a kì í tibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

---

Díspáàṣì

Èyí tí mo fẹ́ kí àǹtí gbọ́: ẹ pààrọ̀ sprocket iwájú. Bí ti Boxer yín bá ní eyín 14, ẹ fi 15 sí i. Ẹ́ńjìnnì á rọra máa yí, epo á dínkù. Gbogbo wa ní díspáàṣì là ń ṣe é.

---

Mẹkáníìkì Ọjọ́ọ

Gbogbo yín ni ẹ ń ṣe é lórí 150, ẹ sì ń sáré lọ Ọ̀yọ́ lórí títì tó tẹ́jú. 14 sí 15, ìyí ẹ́ńjìnnì á dín ní nǹkan bíi 7 nínú ọgọ́rùn-ún. Lórí ẹ́ńjìnnì 100cc, 7 yẹn ni ohun tí ẹ fi ń gun òkè. Tí ẹ bá dé Mọ́kọ́lá, èyí tí jíà kẹta ń gùn tẹ́lẹ̀ á di ti jíà kejì, síróọ̀tù á ṣí gbayawu, gbogbo epo tí ẹ rò pé ẹ jèrè láti Mọ́níyà á bá ibẹ̀ lọ.

Ẹni tó bá tún fẹ́ ṣe é lórí 125 tàbí 150, kó mọ̀ pé eyín kan tó lé yẹn á fa ààsìlì ẹ̀yìn síwájú bíi milimítà 3. Bí ṣéènì bá ti gbó tó sì ti gùn tẹ́lẹ̀, kò ní ṣòro. Bí ṣéènì bá jẹ́ tuntun tí ààsìlì ti wà níwájú pátápátá, kò ní wọlé, àwọn kan á wá fi ipá wọ̀ ọ́. Ṣéènì tó le gbagidi ń jẹ bíárìn, ó sì ń jẹ epo.

---

Díspáàṣì

Ó dáa, ó dáa. Lórí 100, mo gbà fún yín. Lórí 150, mi ò gbà.

---

Mẹkáníìkì Ọjọ́ọ

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká padà sórí ohun tó ń jẹ epo gan-an, nítorí Boxer méjì tí wọ́n rà lọ́jọ́ kan náà, ọ̀kan lè máa rin 52, èkejì 36. Kì í ṣe àjẹ́.

Ẹ́à-kílínà ni mo máa fi ṣíwájú. Ọmọdé mẹkáníìkì á yọ ọ́ sọnù, á ní «kó lè mí». Eruku Mọ́níyà ni yóò máa mí o. Láàárín oṣù díẹ̀, ríìngì á ti jẹ, èéfín á máa funfun tàbí kó dà bí aró, kíìkì á máa wọlẹ̀ wọ́ọ́ láìní agbára tó ń ta ẹsẹ̀ padà. Èyí tó bá jẹ́ fóòmù, ẹ fi kerosíìnì fọ̀ ọ́, ẹ fún un, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ fi òróró ẹ́ńjìnnì díẹ̀ pa á, ẹ tún fún un. Èyí tó bá jẹ́ ìwé, ẹ má fi omi kàn án. Ẹ gbọ̀n ọ́n, bó bá ti dúdú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ṣókì. Àwọn kan á fà á láàárọ̀, wọn á gbàgbé rẹ̀ títí dé ibi iṣẹ́. Pulọ́ọ̀gì á dúdú bí èédú. Ẹ yọ pulọ́ọ̀gì lẹ́yìn tí ẹ bá rìn tó kìlómítà 10: àwọ̀ búráùn bí ti àkàrà tó jinná ló dára. Dúdú tó ń pa lọ́wọ́, epo ti pọ̀jù. Funfun bí eérú, epo kéré jù tàbí afẹ́fẹ́ ń wọlé láti ibi tí kò yẹ, ẹ wo rọ́bà tó so kábúrétọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì bóyá ó ti sán. Àlàfo pulọ́ọ̀gì, 0.6 sí 0.7 milimítà fún ọ̀pọ̀ jùlọ nínú wọn. Ìwé alùpùpù ni kó kẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà.

Bíréèkì tó ń fà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ gbé e dúró lórí sítáǹdì àárín, ẹ wà á sí níútúrà, ẹ fi ọwọ́ yí táyà ẹ̀yìn. Ó yẹ kó yí lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀mẹta kó tó dúró. Bí ẹ bá tú ọwọ́ tó dúró lójú ẹsẹ̀, bíréèkì ni tàbí ṣéènì. Ṣéènì gbọ́dọ̀ ní ìdẹ̀ 20 sí 30 milimítà ní àárín, kí ẹ sì yí táyà wò káàkiri torí ibì kan lè dẹ̀ kí ibòmíràn le.

Afẹ́fẹ́ táyà: nǹkan bíi PSI 25 níwájú, 28 lẹ́yìn fún ẹni kan ṣoṣo. Ẹ má jẹ́ kí fọkanáísà fi ojú wọ̀n ọ́n. Kó fi géèjì wọ̀n ọ́n, ní àárọ̀ kí táyà tó gbóná.

Òróró ẹ́ńjìnnì, 20W-50, bíi lítà kan, ní gbogbo kìlómítà 2,000 sí 2,500. Ẹ wo ẹ̀yìn gálọ́ọ̀nù fún JASO MA, àmì òróró alùpùpù. Ìdí ni pé kílọ́ọ̀ṣì alùpùpù ń wẹ̀ nínú òróró ẹ́ńjìnnì kan náà. Òróró mọ́tò tó fẹ́lẹ́, bíi 5W-30 tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ìdínkù epo sí lára, ní ohun tó ń mú nǹkan yọ̀ nínú. Ó dára fún mọ́tò. Nínú alùpùpù, kílọ́ọ̀ṣì á máa yọ̀: ẹ́ńjìnnì ń ké, eré kò sí. Sìkútà oníbẹ́líìtì ni kò ka ìyẹn sí, nítorí kílọ́ọ̀ṣì tirẹ̀ gbẹ, JASO MB sì ni wọ́n ń kọ sára òróró tirẹ̀.

Ìkẹyìn, fàùsẹ́ẹ̀tì. Ẹ máa tì í bí ẹ bá ti páàkì. Bí abẹ́rẹ́ inú kábúrétọ̀ kò bá dí dáadáa, epo á máa sun wọ inú ẹ́ńjìnnì láti alẹ́ dé òwúrọ̀, á sì lọ bá òróró nísàlẹ̀. Ẹ fa ọ̀pá òróró yọ kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Bó bá ń rùn bí bẹntiróòlù, ẹ má tan án, ẹ dà á nù ná.

---

Oní-Sìkútà

Báwo lèèyàn ṣe máa mọ iye tó ń rìn? Kálukú ń pariwo 50, 60. Ẹlòmíràn á ra epo ₦1,000 á ní òun rìn fún ọjọ́ mẹ́ta.

---

Díspáàṣì

Ọjọ́ kì í ṣe ìwọ̀n. Ẹ kún tánkì dé ẹnu, lórí sítáǹdì àárín, kí tánkì má baà fì. Ẹ kọ nọ́ńbà mítà sílẹ̀. Ẹ gùn ún tó kìlómítà 150 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ẹ ti ń ṣe é lójoojúmọ́, kí ẹ sì padà sí ilé epo kan náà, ẹ tún kún un dé ẹnu kan náà. Kìlómítà tí ẹ rìn, ẹ fi lítà tó wọ̀ ọ́ pín in. 172 pín sí 3.8, ó lé díẹ̀ ní 45. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ tó jiyàn pẹ̀lú ẹnikẹ́ni. Bí mítà kò bá ṣiṣẹ́, ẹ tún un ṣe ná. Alùpùpù tí mítà rẹ̀ ti kú kò ní iye kìlómítà kankan láti fi yangàn.

---

Ará Àjàṣẹ́

Ẹ kú ìjíròrò o. Láti ọ̀dọ̀ wa ní Pọtonóófò, ẹ ò tíì dárúkọ alùpùpù oníná. Ní Kùtọnu àti Lómẹ̀, àwọn oní-zémidjan, ọlọ́kadà tiwa, ti ń gun ti ilé-iṣẹ́ Spiro: bátìrì tó bá tán, wọn á gbé e sílẹ̀ ní ibùdó, wọn á gba èyí tó kún, wọn á sanwó, ó di ìrìn. Kò sí òróró ẹ́ńjìnnì, kò sí pulọ́ọ̀gì. Àwa tí a ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ra kpayo, epo fàyàwọ́ láti Nàìjíríà, nínú ìgò lẹ́bàá títì, tí a kò mọ ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn, a mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Nígbà tí Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ epo ní May 2023, kpayo náà gbówó lórí lójú ẹsẹ̀.

---

Mẹkáníìkì Ọjọ́ọ

Ẹ ṣeun, ará Àjàṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká ṣírò tirẹ̀ náà. Alùpùpù oníná kékeré ń jẹ nǹkan bíi yúníìtì 3 sí 4 fún kìlómítà 100. 36 tí àǹtí ń rìn, ká fi iná tó ń ṣòfò nígbà tí ẹ bá ń ṣáàjì kún un, á tó yúníìtì 1.5 lọ́jọ́. Bí a bá fi ₦210 ṣírò yúníìtì kan ní Band A (àwọn tí iná ń pẹ́ jù lọ́dọ̀ wọn), ₦315 nìyẹn. Sìkútà tó ń rin 45 á mu epo ₦720. Ìdajì kò tó o!

Ṣùgbọ́n ta ló ń gbé Band A ní Mọ́níyà? Bí ibùdó ìpààrọ̀ bátìrì kò bá sí lójú ọ̀nà yín, tí iná kò sì dúró fún wákàtí mẹ́rin márùn-ún lálẹ́, jẹnẹrétọ̀ lẹ máa fi ṣáàjì rẹ̀. Bẹntiróòlù náà kọ́ lẹ tún ń dáná sun un? Ẹ béèrè pẹ̀lú pé èló ni bátìrì tuntun, kí ẹ tó béèrè èló ni alùpùpù.

---

Ará Ìkẹjà

Ẹni tó bá ń ka èyí l'Ékòó, ẹ má rà á tán kí ẹ tó wo òfin. June 1, 2022 ni ìjọba fòfin de ọ̀kadà ní Etí-Ọ̀sà, Ìkẹjà, Sùúrùlérè, Erékùṣù Èkó, Mainland àti Àpápá, wọ́n sì fi ibòmíràn kún un lọ́dún náà. Ọ̀kadà ni wọ́n dárúkọ, ṣùgbọ́n tí ẹ bá gun Boxer aláwọ̀ pupa láìní ìwé lọ́wọ́, ẹ lọ máa ṣàlàyé fún wọn lójú títì pé olùkọ́ ni yín. Sìkútà àti lédíìsì kì í fi bẹ́ẹ̀ jọ ọ̀kadà lójú. Ìyẹn náà ní iye tirẹ̀.

---

Onísípíà

Akoto náà, ẹ má ra ike tí wọ́n ń tà bí abọ́ ẹ̀kọ. Ní January 2009 tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ní kí gbogbo ọlọ́kadà máa dé akoto, àwọn kan ní Kánò dé igbá gidi, wọ́n so okùn mọ́ ọn. A rẹ́rìn-ín nígbà náà. Ẹ tẹ inú akoto tí wọ́n ń tà ní ọjà yín wò lónìí: bí kò bá ní fóòmù líle funfun láàárín ike àti aṣọ, igbá náà ni.

---

Ará Mọ́níyà (olùbéèrè)

Ẹ kú làálàá. Mo ti gba sìkútà kúrò lọ́kàn. Mo rí lédíìsì 110 kan, àlòkù, mítà rẹ̀ kọ 14,000. Mo tún rí Boxer 100 tuntun, owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì. Onílédìsì ní kí n wá wò ó lọ́jọ́ Sátidé. Kí ni kí n máa wò? Mi ò mọ nǹkankan nínú ẹ́ńjìnnì.

---

Mẹkáníìkì Ọjọ́ọ

Ẹ sọ fún un kó má tan án kí ẹ tó dé. Tí ẹ bá dé, ẹ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì. Bó bá ti gbóná, ó ní ohun tó ń fi pamọ́: alùpùpù mìíràn kì í tan bó bá tutù, ẹni tó ni ín á ti tan án sílẹ̀ kí oníbàárà tó dé.

Ẹ fi ẹsẹ̀ ti kíìkì díẹ̀díẹ̀ láìtan iná. Ó gbọ́dọ̀ dé ibì kan kó ta ko ẹsẹ̀ yín. Tó bá ń wọlẹ̀ wẹ́rẹ́, ríìngì tàbí fáàfù ti lọ. Ẹ tan án. Ẹ dúró lẹ́yìn sàlẹ́ńsà, ẹ fa síróọ̀tù lẹ́ẹ̀kan kí ẹ sì tú u. Èéfín tó dà bí aró tí kò lọ bọ̀rọ̀, òróró ló ń jó. Dúdú, epo pọ̀jù, ìyẹn ṣeé tún ṣe lówó pọ́ọ́kú.

Ẹ gbé iwájú rẹ̀ sókè, ẹ yí ọwọ́ ìdarí láti òsì dé ọ̀tún pẹ̀lú ìka kan. Bó bá kọ́ ní àárín bí ẹni pé ihò kan wà níbẹ̀, bíárìn ọrùn ti jẹ. Ẹ di táyà ẹ̀yìn mú, ẹ mì í sí ọ̀tún àti òsì. Tó bá ń mì pẹ̀lú ọ̀pá tó gbé e, búṣìn ti lọ. Kí ẹlòmíràn gùn ún níwájú yín lórí ọ̀nà tó tẹ́, kí ẹ dúró lẹ́yìn rẹ̀: bí táyà méjèèjì kò bá wà lójú ìlà kan, ó ti ṣubú rí, fréèmù ti tẹ̀. Èyí ni kí ẹ má rà, kò sí bí owó rẹ̀ ṣe kéré tó.

Mítà 14,000 yẹn, ẹ má gbà á gbọ́. Ẹ wo rọ́bà ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ àti rọ́bà jíà. Tí irin bá ti yọ lára wọn, ó ti ju 14,000 lọ fíìfíì. Ẹ wo eyín sprocket ẹ̀yìn: bó bá ti tẹ̀ sí apá kan bí ìkọ́ apẹja, ẹ yọ owó ṣéènì pẹ̀lú sprocket méjèèjì kúrò nínú owó tó pè. Wọn kì í pààrọ̀ ọ̀kan ṣoṣo nínú mẹ́ta.

Nọ́ńbà fréèmù wà lára irin ọrùn, ti ẹ́ńjìnnì wà nísàlẹ̀ lápá òsì lára ọ̀pọ̀ wọn. Ẹ fi fọ́nrán aṣọ nù ún, kí ẹ fi wé ìwé rẹ̀ ní ẹyọ-ẹyọ. Nọ́ńbà tí wọ́n ti fi fáìlì há, ẹ kí i pé ó dàárọ̀.

Ẹ mú mẹkáníìkì tí kì í ṣe ti ẹni tó ń tà á lọ, kí ẹ sì sanwó fún un tọ́jọ́ yẹn kó má bàa gba owó méjì.

---

Onísípíà

Kí ẹ sì ka nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì náà fún mi kí ẹ tó sanwó. Nínú lẹ́tà tó ṣíwájú rẹ̀ ni mo ti máa mọ ìdílé tó ti wá àti bóyá mo ní kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀.

---

Ará Mọ́níyà (olùbéèrè)

Fréèmù rẹ̀ ti tẹ̀. Ọkùnrin tó gùn ún níwájú mi, táyà iwájú ń lọ Ọ̀yọ́, ti ẹ̀yìn ń lọ Ìṣẹ́yìn. Mo ti fi í sílẹ̀. Lédíìsì 110 tuntun ni mo wá rí lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pààtì wọ̀nyẹn wà ní ibi méjì, mo ti béèrè. Owó rẹ̀ kò tó ti Boxer. Mo ti san án. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

---

Mẹkáníìkì Ọjọ́ọ

Ẹ kú oríire. Títí di kìlómítà 500 àkọ́kọ́, ẹ má jẹ́ kó kọjá 45 lórí mítà, ẹ má sì dúró sórí eré kan náà fún ìgbà pípẹ́. Ẹ máa yí i padà, ẹ máa jẹ́ kó simi. Ẹ má fi jíà gíga gun òkè. Tó bá pé 500, ẹ da òróró rẹ̀ nù nígbà tó ṣì gbóná, sínú abọ́ tó mọ́. Ẹ ó rí ohun kan tó ń dán winniwinni nínú rẹ̀ bí lẹ́búlẹ́bú irin. Ara ríìngì àti jíà tuntun ló ń jẹ, kò yẹ kó já yín láyà. Bó bá jẹ́ ègé irin tí ọwọ́ lè mú, ẹ gbé e padà fún ẹni tó tà á fún yín lọ́jọ́ náà gan-an. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ṣéènì padà sí 25 milimítà torí ṣéènì tuntun máa ń gùn, ẹ tún gbogbo bóòtù sàlẹ́ńsà mú, kí ẹ sì ra ìbòrí irin sí sàlẹ́ńsà yẹn bí kò bá ní. Apá ọ̀tún ló wà. Ẹ máa gba apá òsì gùn ún, kí ẹ sì máa gba apá òsì sọ̀ ọ́.